Orúkọ Tí Mo Fi Pẹ́ńsù Kọ

Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló kù lọ́wọ́ mi láàárọ̀ yìí:
ti ilé gíláàsì, ti yàrá ewé gbígbẹ,
àti èyí tó ti dógùn-ún,
tí Imlach pàápàá kò mọ ilẹ̀kùn tó ń ṣí.

Ìkùukùu òkun ti wọ Abadíìnì láti òru.
Òkúta ara ilé wọn, eérú lórí eérú.
Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ọgbà bí ìgbà tí mo kọ́kọ́ dé,
ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé,
tí mo wọ sálúbàtà nínú yìnyín,
tí Imlach wò mí láti orí dé ẹsẹ̀,
tó ní, "Lọ gba bàtà ìyàwó mi wọ̀."

Iṣẹ́ wo lò ń ṣe gan-an? ni ìyá mi máa ń bi mí lórí fóònù.
Ṣé àgbẹ̀ ni ọ́, àbí tíṣà?
Mo ní, Màámi, mò ń wá ẹbí fún ewé.
Ó rẹ́rìn-ín títí ìpè fi fẹ́ já.
Ó ní, ìwọ tí o kò wá ọkọ fún ara rẹ.

Ṣùgbọ́n ẹbí ewé, ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ ni.
Ẹ wo oró àti kákítọ́ọ̀sì lórí pákó kan náà:
àwọn méjèèjì sanra, àwọn méjèèjì hu ẹ̀gún,
àlejò á ní ìbejì ni wọ́n.
Ọ̀dá ló fi ọ̀bẹ kan náà gbẹ́ wọn,
ọ̀kan nílẹ̀ Áfíríkà, ìkejì ní òdìkejì òkun.
Fi abẹ́rẹ́ gún wọn: oró á sun oje funfun,
ìkejì á kàn máa wò ọ́.
Ojú jọra, ẹ̀jẹ̀ kò jọra.

Ní ti ewúro, tí mo gbìn sínú ìkòkò lẹ́bàá páìpù gbígbóná,
bàbá ńlá kan náà ló bí òun àti òdòdó yẹ́lò
tí àwọn ọmọ iléèwé ń fẹ́ irun rẹ̀ dànù ní pápá níta.
Ọdún tó wà láàárín wọn, ẹnu kò lè kà á.
Ọ̀kan bá òtútù lọ, ó kọ́ bí a ṣe ń sá mọ́lẹ̀.
Òjò Abadíìnì rọ̀ títí, kò mú ewúro dùn.

Lóru ọjọ́ tí ẹ̀rọ amúlégbóná kú, lóṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́,
èmi àti Imlach kó kúbùsù ilé wa wá,
a bo ìkòkò bí ẹni bo ọmọ.
Ogójì kú kílẹ̀ tó mọ́.
Ọ̀kan wà nínú wọn tí a kò tún rí irú rẹ̀ níbì kankan.
Imlach ṣí fìlà.
Èmi kọ "òkú" sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, mo kọ ọjọ́ sí i.

Igi ìran tí mo yà, tó sọ mí di ọ̀jọ̀gbọ́n,
ẹ̀ka kẹrin rẹ̀ kò sí níbi tó yẹ kó wà.
Catriona ló rí i, akẹ́kọ̀ọ́ mi, ọmọ apẹja.
Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ìwé ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀.
Mo ní, jókòó. Ṣé o ti jẹun?
Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Òótọ́ ni.
Mo wọ yàrá ewé gbígbẹ, mo fa àpótí yọ,
mo fi rọ́bà pa orúkọ mẹ́tàdínlógún rẹ́.
Pẹ́ńsù ni mo fi kọ wọ́n. Ọpẹ́ ni fún pẹ́ńsù.

Òun náà ló gba kọ́kọ́rọ́ lónìí.
Ó béèrè pé kí ni ẹ̀kẹta ń ṣí.
Mo ní n kò mọ̀, má jù ú nù.

Lẹ́yìn náà mo gé igi ewúro kan, kò ju ìka lọ,
mo fi ìwé ìròyìn tútù wé e, mo kì í bọ àpò kóòtù.
Kò sí nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé kankan.
Imlach rí mi.
Ó kọjú sí gíláàsì, ó ń wo ìkùukùu.