Gbèsè Ọdún Kan

Bàbá bàbá mi, Orímóògùnjẹ́ ará Ìsọ̀kùn,
aṣọ ló ń tà láwìn káàkiri ilẹ̀ Èkìtì.
Bí ọjọ́ owó bá pé, tí onígbèsè ní "ẹ bọ̀ lọ́la,"
kò ní pariwo, kò ní jà.
Á ká ṣòkòtò sókè, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà,
títí owó á fi jáde lábẹ́ ẹní.

Èmi ò ta aṣọ.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti lò ní sọ́míìlì lọ́nà Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà,
tí mò ń kọ iye pákó tó jáde, iye owó tó wọlé:
ìrókò ogún, àfàrà méjìlélógójì,
ẹni tó san ìdajì, ẹni tó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀
tí Jímọ̀ rẹ̀ kò tíì dé títí dòní.
Lẹ́búlẹ́bú pákó ti di àtíkè mi.
Ọ̀gá mẹ́ta ló jẹ lójú mi, ìwé owó kò kúrò lọ́wọ́ mi.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, Bójúwọyè ọmọ mi ní:
"Màámi, ìdánwò kan wà,
ẹni tó bá yege ẹ̀kọ́ mẹ́ta nínú rẹ̀,
fásitì á fo ọdún kìíní fún un,
inú ọdún kejì ló máa bá ara rẹ̀."
Mo ní, ṣé wọ́n ń ta ọdún ni?
Ó ní rárá o, ohun téèyàn ti mọ̀ ni wọ́n ń kà mọ́ ọn lọ́wọ́.
Mo dákẹ́. Mo yí bírò lọ́wọ́.
Àṣé ó lẹ́ni tó jẹ mí ní ọdún kan.

Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé la ti ń mú iná roko.
Lóru, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo ṣí ìwé ìṣirò owó,
mo rí i pé ohun tí wọ́n fún lórúkọ gbọọrọ
ni mo ti ń ṣe látìgbà tí Bójúwọyè ń rákòrò.
Ètò ọrọ̀ ajé náà ò ṣàjèjì:
bí òjò bá pọ̀, tí ọkọ̀ agégi rì sẹ́rẹ̀ lẹ́yìn Ìpetu,
owó pákó á gòkè. Kí ló tún kù?
Ètò ìjọba nìkan ló ń yọ̀ lọ́wọ́ mi bí ọṣẹ inú omi.
Ilé ìgbìmọ̀ àgbà, ilé ìgbìmọ̀ kékeré,
oorun á ti gbé mi lọ kí n tó dé kékeré.

Ọjọ́ ìdánwò, mo kọjá Òṣú nígbà tí ìrì ò tíì gbẹ.
Ní Ilé-Ifẹ̀, lẹ́nu gbọ̀ngàn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dí mi lọ́nà:
"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìta làwọn òbí ń dúró."
Mo na ìwé àṣẹ mi sí i.
Ó wo fọ́tò, ó wo ojú mi, ó tún wo fọ́tò.
Ó fọwọ́ kan ilẹ̀. "Àga kẹtàdínlógójì, mà."
Àga náà kéré, orúnkún mi ń kan tábìlì;
àwọn ọmọdé yí mi ká, wọ́n ń jẹ èékánná.
Mo ká apá bùbá mi sókè.
Mo lóṣòó.

Oṣù méjì, èsì dé sórí fóònù Bójúwọyè.
Ìṣirò owó, ó yọrí. Ètò ọrọ̀ ajé, ó yọrí.
Ètò ìjọba... ọmọ náà wò mí, kò lè kà á.
Mo gba fóònù, mo kà á fúnra mi.
Máàkì mẹ́ta péré ni kò jẹ́ kó pé.

Àwọn ará sọ́míìlì ní ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́,
bí ẹni pé mo ṣòfò.
Òfò kọ́. Onígbèsè ti san ìdá méjì nínú mẹ́ta,
ó ní kí n padà wá gba ìyókù lọ́dún tó ń bọ̀.
Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé owó, níbi tí à ń kọ àwọn tó jẹ wá sí:
Fásitì. Ìyókù, ẹ̀kọ́ kan.

Bàbá bàbá mi,
ẹ sún fún mi díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn.