Ẹnìkan Ń Gbé Ibẹ̀

Ikùn ni mo ní kó lọ.
Dókítà àtọ̀gbẹ kọ abẹ́rẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ fún mi,
mo ń gún un ní alaalẹ́ ọjọ́ Àìkú,
oṣù mẹ́sàn-án, bí ẹni ń ka oṣù oyún.
Ikùn jókòó. Ó ní òun ò tíì ṣetán.
Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ di ẹrù rẹ̀,
tó jáde láìdágbére.

Níbi iṣẹ́, àwọn arúgbó tí mo ń wẹ̀
ló wá ń bi mí bóyá mo sùn.
Ìyáàfin Kowalchuk, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún,
fi súìtì kan há mi lọ́wọ́: "Jẹun, ọmọ mi."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ bọ́ọ̀sì gba Portage,
òtútù Winnipeg ń já mi létí bí ajá tí kì í gbó,
títí mo fi dé ọ̀dọ̀ Dókítà Friesen,
ọkùnrin tí ojú òun fúnra rẹ̀ ń dán bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.
Ó gbé jígí fún mi. Ó pàtẹ ọjà rẹ̀.

Jẹ́ẹ̀lì wà: ẹgbẹ̀rin dọ́là, abẹ́rẹ́ kan;
mẹ́ta ni ojú mi yóò mu.
Á tó ọdún kan, ọdún kan àbọ̀, kó tó pòórá;
bí mi ò bá sì fẹ́ ẹ mọ́, oògùn wà tó ń yọ́ ọ.
Mo fẹ́ràn ìyẹn, gbèsè tó ṣeé dá padà.
Àfi bí mo ṣe rántí Bọ́sẹ̀dé ti Brandon:
ojú rẹ̀ wú bí àkàrà tó bá epo gbígbóná pàdé,
ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó dé
bíi bọ́ọ̀sì ọjọ́ Àìkú.

Ìyẹ̀fun kan wà tí wọ́n ń pò mọ́ omi,
tí wọ́n ń gún sábẹ́ awọ kí ara lè jí
kó tún ògiri rẹ̀ mọ. Oṣù mẹ́ta, mẹ́rin.
"Ìyẹn ò ṣeé yọ́ bó bá di kókó,"
ó wí bẹ́ẹ̀, ó wo ibòmíràn.

Ọ̀rá ara ẹni náà wà: kí a fà á ní itan,
kí a gbìn ín sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ìdajì kú,
kí ìdajì ta gbòǹgbò.
Ó fi ìka méjì mú itan mi wò.
Ó mi orí. Abẹ́rẹ́ ti ṣáájú rẹ̀ kórè.

Ó wá ku ọ̀bẹ.
Ọ̀bẹ lè fa àpò ìrọ̀rí le;
kò lè fi òwú sí i nínú.

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà.
Ọ̀rọ̀ ojú tèmi ti di ọ̀rọ̀ owó.
Ìtùnú ọmọ mi ní, "Mọ́mì, ẹ ṣe é, owó yín ni."
Ọkọ mi ní òun ò rí nǹkan kan tó yí padà,
ọkùnrin tó gba ọ̀sẹ̀ méjì
kó tó mọ̀ pé a ti kun ilẹ̀kùn.

Mo gbé jígí sókè kí n fi han Friesen
ibi tí kòtò náà ti bẹ̀rẹ̀.
Ìyá mi ló wò mí padà.

Ìyá mi tó kú ní Ìkìrun
lọ́dún tí ìwé mi wà lọ́wọ́ ìjọba,
tí mo fi fóònù wo ìsìnkú rẹ̀,
tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já kí wọ́n tó dé etí ibojì.
Ihò yìí gan-an ló máa ń là sí i lẹ́rẹ̀kẹ́
bó bá ń fa ọsàn mu.
Mi ò mọ̀ pé ó ti rin ìrìn àjò wá láìgba físà,
pé abẹ́ awọ mi ló ń gbà bọ̀, díẹ̀díẹ̀,
láti gbogbo ọdún yìí.

Friesen ń dúró. Ó tẹ báírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
Kì í ṣe pé mo di ẹni mímọ́. Mo ṣì fẹ́ kí ojú mi dùn-ún wò;
ẹ̀bátí tó jìn yìí ń pariwo pé ebi ń pa mí,
irọ́ ni, mo jẹun yó.
Mo ní, "Ẹ fi jẹ́ẹ̀lì kan dí ẹ̀bátí, tọ̀tún tòsì."
"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ńkọ́?"
"Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹnìkan ń gbé ibẹ̀."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀: ẹ̀bátí nìkan.
Ẹgbẹ̀rin dọ́là, owó orí lọ́tọ̀.

Níta, yìnyín ti bo àga ibùdókọ̀.
Mo gbá a kúrò, mo jókòó,
mo bọ́ ìbọ̀wọ́ kan,
mo bó ọsàn.