Lẹ́tà Kan Ṣoṣo

Ní Oulu, nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan tí kò ní fèrèsé,
Tellervo Hyvärinen ló ń tọ́jú maikirosikóòpù ńlá
tí gbogbo wa jọ ń lò.
Ọdún mọ́kàndínlógún. Ó ti mọ̀ pé ara ẹ̀rọ náà kò yá
kí iná pupa tó tàn rárá.
"Ó ń húkọ́ lónìí," á wí, á fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́
bí ìyá tó ń wò ó bóyá ara ọmọ ń gbóná.

Èmi ni mo gbé ẹ̀dọ̀ ẹja wá,
ègé tó kéré ju èékánná lọ,
tí mo ti fi àìmọ̀kan bà jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta.
Kò bú mi. Ó ní, "Jókòó. Ọwọ́ mi ni kó o máa wò."
Ọ̀bẹ dáyámọ́ńdì ń gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́,
àwọn ègé ń léfòó lórí omi.
"Àwọ̀ fàdákà ni kó o dúró dè. Èyí tó bá dà bíi wúrà ti nípọn jù."
Aago mọ́kànlá alẹ́ lù. Bọ́ọ̀sì ìkẹyìn ti lọ.
Ó fẹsẹ̀ rìn délé nínú yìnyín.

Ìwé ìwádìí wa jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, orúkọ mẹ́sàn-án lórí rẹ̀.
A kọ orúkọ ilé iṣẹ́ tó rọ ẹ̀rọ. A kọ nọ́ńbà ọ̀bẹ.
A kọ bí yàrá ṣe tutù tó,
a kọ àjọ tó fún wa lówó,
a dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Turku
tó ka abala kejì nínú ọkọ̀ ojú irin.
Ẹni tó di ọ̀bẹ mú, a kò kọ ọ́.
Èmi ni mo kọ ìlà ọpẹ́ yẹn. Ẹ má wá ẹlòmíràn.

Ọ̀gá kan ní, "Ṣebí iṣẹ́ rẹ̀ ni? Ṣebí wọ́n ń sanwó fún un?"
Wọ́n ń sanwó fún èmi náà.

Nígbà tí yìnyín padà dé, ìgbìmọ̀ jókòó,
wọ́n ka iye ìwé tó dárúkọ yàrá abẹ́ ilẹ̀ yẹn:
mẹ́rin, láàárín ọdún méjì.
Mẹ́rin! Èyí tí èmi nìkan mọ̀ tó ogójì.
Wọ́n ní ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò lò, ẹ jẹ́ ká da aṣọ bò ó.
Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́,
bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni;
àwa ti kó tirẹ̀ tán, ó ku ilẹ̀kùn.

Mo kọ lẹ́tà sí àwọn tó tẹ ìwé náà: ẹ jọ̀ọ́, àtúnṣe kan.
Oṣù márùn-ún. Ìlà méjì, ní ìsàlẹ̀ ojú ewé.
Mo mú un sọ̀kalẹ̀ lọ bá a.
Ó ti awò ojú rẹ̀ sókè, ó kà á, ó tún un kà.
"Lẹ́tà kan já bọ́," ó wí. "Ẹlì méjì ló wà nínú orúkọ mi."
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀,
bó bá jẹ́ ẹ̀rín ni.

Ìgbìmọ̀ kò tíì fèsì.
Ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀: "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣófo.
Ṣé ẹ̀dọ̀ náà ni, àbí ọkàn lo fẹ́ wò lọ́tẹ̀ yìí?"