Àmì Ojú Irin

Awáwù, wọ́n bi mí ní mọ́ṣáláṣí níjẹta,
lẹ́yìn ìrun ìṣáì, bí mo ṣe ń táràrà wá bàtà:
"Kí ni ọmọ rẹ tún ń kà ní Ìlọrin?
Ṣé kò tíì parí ni?"
Mo ní lítíréṣọ̀ ni. Lítíréṣọ̀ òde òní.
Bùsárì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.
"Ọdún méjì gbáko! Owó ilé ní Táńkè, owó ìwé,
nítorí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí?"

N kò fèsì. Bàtà ọ̀tún ni mo rí, n kò rí tòsì.

Má bínú, èmi náà ti rò ó rí.
Lọ́jọ́ tí mo ta ọ̀kadà nítorí owó fọ́ọ̀mù rẹ,
ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé ilé,
mo ń ṣírò lọ́nà: nọ́ọ̀sì ń gbowó, oníṣirò ń gbowó,
ta ni yóò sanwó fún ẹni tó mọ ìdí
tí ọkùnrin inú ìwé fi dákẹ́?

Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi dúró
nídìí àmì ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀fà níbí.
Apá irin gbé sókè, apá irin wálẹ̀.
Nígbà ọyẹ́, tí n kò rí ọwọ́ ara mi,
mo máa ń gbé etí lé irin tútù,
màá gbọ́ ọkọ̀ kó tó fọn fèrè.
Ọkọ̀ méjì kò forí sọ ara wọn lójú mi.
Ta ló wá kí mi kú iṣẹ́ ohun tí kò ṣẹlẹ̀?

Lẹ́tà ìfẹ̀yìntì mi dé lóṣù Ṣẹẹrẹ.
Mo kà á, mo ká a, mo fi há abẹ́ ẹní.
Ìwọ lo fà á yọ. O kà á lẹ́ẹ̀mejì,
o fi ìka tẹ ìlà kẹta:
"Bàbá, wọ́n ní fáìlì yín dàwátì.
Ṣé fáìlì ní ẹsẹ̀ ni?
Gbólóhùn yìí ń fi ẹnì kan pamọ́."
A jọ kọ èsì lóru ọjọ́ náà.
A bi wọ́n léèrè orúkọ ẹni náà.

Wọn kò tíì dáhùn. N kò ní parọ́ fún ọ.
Mo sì gbọ́ pé iṣẹ́ olùkọ́ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ ní Òró,
owó rẹ̀ kò tó owó mọ́tò.

Lálẹ́ àná ni ẹnì kan kan ilẹ̀kùn.
Bùsárì ni, ó há àpòòwé gígùn kan mọ́ abíyá.
Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ilẹ̀, ó wúkọ́,
ó ní ṣé o máa wálé lọ́sẹ̀ yìí.

Bàtà òsì mi ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.