Ìjókòó Mẹ́jọ

Nígbà tí a jẹ́ mẹ́rin, Níífà wa tó wa.
Bàbá ọkọ mi ló fi í sílẹ̀ fún wa,
ọkọ̀ tó ti ń wúkọ́ kí wọ́n tó bí mi.
Tekla dé, a sún.
Saba dé, a tún sún:
Gela gbé ẹsẹ̀ lé àgbá wáìnì,
ìyá ọkọ mi gbé Saba lé itan,
Saba gbé ọmọ ajá lé itan tirẹ̀,
bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gun òkè Gombori.

Lẹ́yìn ìkórè èso àjàrà, dókítà ní Telavi
tẹjú mọ́ awò rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín,
ó na ìka méjì sókè.
Zurab ọkọ mi kò fọhùn títí a fi délé.
Ó lọ dúró ti Níífà, ó ń ka ìjókòó,
ó kà á tán, ó tún un kà,
bí ẹni tó rò pé iye rẹ̀ lè yí padà.

Ní Sátidé, a gba ọjà ọkọ̀ Rustavi lọ.
Atẹ́gùn ibẹ̀ kì í kíni kó tó ṣí fìlà ẹni.
Ọkọ̀ tò lọ súà, ojú kò tó òpin wọn,
òmíràn ti Amẹ́ríkà wá pẹ̀lú ojú fífọ́
tí wọ́n fi ọ̀dà tuntun bò.
Zurab rí dúdú kan tó ń dán,
ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń yí i po.
Mo ní, níbo ni kẹ̀kẹ́ ọmọ yóò wọ̀?
Ó dákẹ́.
Mo ní, níbo ni ìyá rẹ yóò na orúnkún sí?
Ó fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì.

Délíkà funfun ni Otari fi hàn wá,
sítíárìn rẹ̀ wà lápá ọ̀tún,
bí wọ́n ṣe ń wà á ní Japan.
“Bàbá àgbà kan ló ń fi í lọ ra ẹja,
òun nìkan ṣoṣo.”
Ìyá ọkọ mi wò ó láti òkè délẹ̀:
“Òun nìkan, ìjókòó mẹ́jọ?
Ṣé ẹja náà ń jókòó ni?”
Ó bọ́ bàtà, ó wọlé, ó jókòó lẹ́yìn pátápátá,
ó di ojú.
“Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀. Mo ti wà lọ́nà.”

Èmi ní tèmi gbóòórùn kápẹ́ẹ̀tì, bóyá omi ti wọ̀ ọ́ rí.
Mo fọwọ́ wá ìpẹtà lábẹ́ ilẹ̀kùn.
Mo fa ìgbànú ìjókòó lọ́kọ̀ọ̀kan,
méje padà sílé, ọ̀kan kọ̀.
Tekla ló rákò wọ abẹ́ ìjókòó,
tó mú ìbọ̀sẹ̀ kan jáde,
aláwọ̀ ìyeyè, ehoro lára rẹ̀,
kò gùn ju àtàǹpàkò mi lọ.
Otari yíjú sí ibòmíràn.

Ìyá kan ti ka orí nínú ọkọ̀ yìí, lókè òkun,
lálẹ́, kó tó ti ilẹ̀kùn.
Ta ni yóò ta irú àyè báyìí,
bí kò ṣe ẹni tí ilé rẹ̀ ti ń fẹ̀ jù fún un?

“Dín in,” ohùn kan wá láti ẹ̀yìn, ojú ṣì wà ní dídì.
Otari dín in.
“Ẹsẹ̀ mi ṣì tutù.”
Otari tún dín in, ó ń bú ara rẹ̀ lábẹ́lẹ̀.

Ní Gombori, ilẹ̀ ti ń ṣú.
Zurab kò lè rí iwájú láti yọ sílẹ̀ kọjá ọkọ̀ akóyangan,
èmi tí mo jókòó lósì, tèmi ti ikùn, ni ojú rẹ̀.
Saba gbé ajá sórí ìjókòó tó ṣófo.
Ìyá àgbà ní, “Gbé e sílẹ̀.
Ẹni tó ni ín ń bọ̀.”
Ìbọ̀sẹ̀ wà lápò mi:
ẹyọ kan, ọmọ méjì. Ìjà ti dé ná.
“Ṣé kí n lọ?” Zurab bèèrè.
Dúró.
Dúró.
Ó yá.