Ohun Tí Ò Fojú Kan Iná

Ní Òkè-Bọ̀lá, ààrò bàbá mi ti kú láti ọdún mẹ́fà.
Ewúrẹ́ aládùúgbò ń bímọ sí ẹnu rẹ̀.
Pátákó gígùn tó fi ń ti búrẹ́dì wọlé,
àwa ń sá aṣọ lé e lórí.
Ogójì ọdún ló fi dúró níwájú ooru yẹn,
irun apá rẹ̀ ò hù mọ́.
Ó máa ń sọ pé: “Ohun tí ò bá la iná kọjá,
ẹ má pè é lóúnjẹ. Ẹ pè é ní èrò ọkàn.”

Dókítà l'Órítamẹ́fà wo ìwé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀,
ó bọ́ awò ojú, ó tún un wọ̀.
“Bàbá, ṣúgà yín ti ń sáré jù yín lọ.”
Bàbá ní, “Ẹ jẹ́ kó máa lọ. Èmi ò lé e.”
Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà mo rí i lórí bẹ́ǹṣì,
ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì
bí ẹni ń ka owó tó kù.

Ni mo bá gba Sábo lọ.
Ọyẹ́ ti mú, ètè gbogbo ayé ti là.
Mọ́lámù Lawáli fi agolo mílíìkì wọn dàbínù fún mi,
ó fi mẹ́ta ṣe ènì, ó ju ẹ̀kẹrin sẹ́nu ara rẹ̀.
Mo ra ẹ̀pà yíyan, mo ra yànmọ̀tí,
òfio gbígbẹ tó ń dún kẹ̀kẹ̀ nínú ọ̀rá.
Máńgòrò wà nílé, èyí tí mo là tẹ́ẹ́rẹ́
tí mo sá sórí páànù kí òjò tó dé,
tí mo fi odindi ọ̀sẹ̀ kan bá eṣinṣin jà lé lórí.
Agbọ̀n kan ló wọ inú ìgò kan.

N ò tan gáàsì. N ò ṣáná.
Mo yọ kóró dàbínù, mo rẹ ẹ́ sómi láti àárọ̀
títí tí ládàánì fi pe ìrun ọ̀sán.
Nínú odó, ó kọ́kọ́ ń bínú, ó ń lẹ̀ mọ́ ọmọ odó
bí ọmọ tí ò fẹ́ kí ìyá òun lọ sọ́jà.
Mo da ẹ̀pà lé e. Yànmọ̀tí. Òfio tí mo ti lọ̀ kúnná.
Máńgòrò, mo gé e wẹ́wẹ́ bí èékánná ọmọ tuntun.
Ó dúdú. Ẹ jẹ́ n má parọ́: kò wu ojú.
Ládiméjì yọjú: “Mọ́ọ̀mi, ṣé ẹrẹ̀ lẹ ń gún ni?”

Bàbá ti ẹ̀yìnkùlé wọlé. Kò kí mi kú iṣẹ́.
Ó wo èyí tí mo ti mọ: ọ̀kan tó ẹyin,
ọ̀kan kéré bí àgbálùmọ̀ tí ò gbó.
Ó pòṣé.
Ó lọ fọwọ́.
Ó bù ú, kò lo òṣùwọ̀n,
ó yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó jù ú sínú àgbọn rírin,
ọ̀kan bí ọ̀kan, ọgbọọgba,
bí ìgbà tí gbogbo àdúgbò ṣì ń tò síwájú fèrèsé wa
laago márùn-ún ìdájí.
N ò sọ̀rọ̀. A kì í kígbe mọ́ ẹyẹ
tó bá bà léni léjìká.

Ó tọ́ ọ wò. Ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.
“Iná ti kan ẹ̀pà inú ẹ̀.”
“Ẹni tó tà á ló yan án, Bàbá, kì í ṣèmi.”
“Máńgòrò ńkọ́?”
“Oòrùn ni.”
“Hẹn-ẹn. Iná náà ni. Ààrò ẹ̀ ló kàn jìnnà,
oníṣẹ́ ibẹ̀ kì í sì í rágì.”

Méjì lóòjọ́ ni dókítà fọwọ́ sí,
torí dàbínù náà ní ṣúgà tiẹ̀, n ò ní tàn yín.
Mo ka mẹ́rìnlélógún sínú abọ́, mo dé e, mo gbé e sí fíríìjì.
Nígbà tílẹ̀ mọ́, mọ́kànlélógún ló kù.
Ládiméjì búra. Èmi náà búra.
Bàbá wà níta, ó ń gbá inú ààrò,
ó ti lé ewúrẹ́ jáde,
yànmọ̀tí kan lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀.
Ó ní òrùlé ibẹ̀ á dáa fún sísá nǹkan.