Lésì Rèé?

Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni mo kọ́kọ́ rún,
mo ká a bí òṣùká, ó ga bí orí ẹni tó sùn.
Ìwópin ń ṣe bébà nígbà kan;
ilé iṣẹ́ náà ti kú, ewúrẹ́ ló ń bímọ níbẹ̀,
ṣùgbọ́n bébà kò tíì tán lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi.
Lórí ìròyìn ìbò àti àwòrán ẹni tó sọnù
mo tẹ́ amọ̀ pẹlẹbẹ.

Etí ọ̀sà ni mo ti wà á,
níbi tí ẹsẹ̀ ti ń rì dé orúnkún.
Mo gún àpáàdì ìkòkò ìyá mi mọ́ ọn,
èyí tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún tí ojú rẹ̀ ṣú tán.
Amọ̀ tí kò ní egungun,
iná á tú àṣírí rẹ̀.

Imú ló le jù.
Mo fi àbẹ fín ibi tí yóò jókòó sí,
mo fi omi amọ̀ kùn ún, mo tẹ̀ ẹ́,
ó ṣubú.
Mo tún tẹ̀ ẹ́.
Imú kì í fẹ́ràn ojú tí kì í ṣe tirẹ̀.

Bàbá Ọnàbùlé, tí í gbẹ́ orí Agbo,
fara ti òpó ilé mi, ó rẹ́rìn-ín:
"Ta ni yóò gbé ìkòkò sórí jó?
Igi la fi í ṣe ojú, igi ń léfòó.
Bí omi bá gbé e, omi á dá a padà."
Òótọ́ ni. Orí tí òun ń gbẹ́ kì í wo ènìyàn,
ó ń sùn gbalaja lórí oníjó, ó ń wo sánmọ̀
bí ẹja ṣe ń wo ìdí ọkọ̀.
Mo ní, "Tèmi ò ní jó, Bàbá. Ara ògiri ni yóò wà."
Ó ní, "Ojú tí kò ní jó, kí ló wá ṣe?"
Mi ò rí èsì. Mo bu omi sí amọ̀.

Fọláhànmí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, fi fóònù rẹ̀ hàn mí:
arúgbó onígi kan ní Japáànù,
okùn ni wọ́n fi so àgbọ̀n rẹ̀, kó lè máa rẹ́rìn-ín;
ní Mẹ́síkò, òkúta aláwọ̀ ewé lójú ọba tó kú;
ní Fẹ́nísì, imú gígùn bí àgógó àkàlà.
Ó ní, "Àǹtí, gbogbo ayé ló ń fara pamọ́."
Mo rántí ọdún kòrónà, tí aṣọ bo imú wa,
tí ìyá mi ń sọ pé,
"Ẹ̀yin náà ti fọ́jú díẹ̀ wàyí."

Ní Odògbolú, nílé ìyá àgbà, nígbà èwe mi,
Agẹmọ ń kọjá, wọ́n ti àwa obìnrin mọ́lé,
wọ́n fi aṣọ dí ihò ìlẹ̀kùn.
Mo gbọ́ tí ẹní ń gbálẹ̀, ṣàà, ṣàà,
mo sì dá ojú kan fún un lọ́kàn ara mi.
Bóyá òun ni mo ń mọ láti àárọ̀.
Bóyá òun kọ́.

Mo kó igi àti imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ bò ó, mo ṣáná.
Ìwé inú rẹ̀ ló kọ́kọ́ jó,
ìròyìn gba ojú méjèèjì jáde bí èéfín.
Lẹ́yìn náà, pá!
Mo gbọ́ ọ. Mo jókòó sílẹ̀.

Lówùúrọ̀ ìyá mi na ọwọ́, mo gbé e fún un.
"Lésì rèé?"
Mo dákẹ́.
Ó tọ etí, ó tọ ètè,
ó bá ibi tó sán láti ìsàlẹ̀ ojú dé àgbọ̀n.
"Ó ti sunkún."
Ó pa dà sórí imú, ó pẹ́ níbẹ̀.
"Imú yìí, ti ilé wa ni."

Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti gbé e bo ojú ara rẹ̀.
Ó wúwo, orí rẹ̀ sì ṣẹ́ sẹ́yìn,
títí ojú amọ̀ náà fi ń wo sánmọ̀.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún mì lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì.
Láti abẹ́ rẹ̀ ló ti ní ó ń rùn bí ààrò,
kí n wá gbé e kúrò.

Mi ò tètè gbé e.